Ọjọ́ Tí Òjò Ká Mi Mọ́ Orí Àmì Funfun ní Ìdànrè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí fún yín, àmọ́ bí mo bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, àyà mi á tún máa já. Òjò rọ̀ lánàá. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde lórí ìjókòó, mo dúró sójú kan láàárín yàrá bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ọkọ mi, Bàbá Fúnmi, ló ní kí n kúkú kọ ọ́ jáde, bóyá ara á fúyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Aṣọ ni mò ń rán ní Odode, ní Ìdànrè níbí. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sáré. Bí mo bá fẹ́ sọdá títì, mà á wo ọ̀tún, mà á wo òsì, mà á tún padà wo ọ̀tún. Ọ̀rẹ́ mi Àlhájà Ràlíátù, tó ń ta òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, máa ń sọ pé bí àwa méjèèjì bá jọ jáde lọ sọ́jà, òun á ti rà, òun á ti tà, òun á sì ti jẹ èrè ibẹ̀ kí èmi tó dé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yìí gan-an ló wá iṣẹ́ fún mi.

Àwọn ẹnjinníà kan ló wá sí ìlú wa. Wọ́n gbé ọkọ̀ ńlá kan sí pápá kan létí Odode, níbi tó ti kọjú sí àwọn òkè. Òpó irin kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà tó máa ń gùn sókè, tó sì tún máa ń wọ inú ara rẹ̀ padà bí eríàlì rédíò àtijọ́. Orí òpó yìí ni wọ́n so pátákó funfun kan mọ́, ó tó ìlẹ̀kùn yàrá. Èmi rò pé pátákó lásán ni. Ọ̀gá wọn, Ẹnjinníà Dàmọ́lá, ọmọkùnrin kan tí kò tíì tó ogójì ọdún, ló ṣàlàyé fún wa pé eríàlì kéékèèké ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ó ní máàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ dà bí ẹni tó ń pariwo sí gbogbo ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní tàwọn yìí yàtọ̀. Gbogbo eríàlì kéékèèké yẹn á pawọ́ pọ̀, wọ́n á wá ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ rí, wọ́n á sì kọjú agbára wọn sí òun nìkan, bí ìgbà tí èèyàn bá ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnì kan nínú òkùnkùn. Bí ẹni náà bá rìn, tọ́ọ̀ṣì á máa tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, á pín ara rẹ̀ sí méjì.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ Ìdànrè? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ wa rí mọ̀ ọ́n. Àpáta ni gbogbo ibi. O lè máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù nísinsìnyí, kó o yà sẹ́yìn àpáta kan báyìí, kí fóònù sì dákẹ́. Ẹnjinníà ní irú ibi tó le bẹ́ẹ̀ làwọn ń wá. Wọn ò tíì máa tà á, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán an wò ni, bó bá sì lè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, kò síbi tí kò ti ní ṣiṣẹ́.

Wọ́n nílò àwọn tí yóò máa gbé báàgì fóònù rìn lórí àpáta. Àwọn ọlọ́kadà ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Àwọn yẹn ń sáré, wọn kì í dúró, ẹ̀rọ ò rí nǹkan gidi kan wọ̀n lára wọn. Ni Ẹnjinníà bá ní kí wọ́n wá àgbàlagbà tó máa ń rọra rìn fún òun. Ta ni gbogbo Odode dárúkọ? Èmi ni! Àlhájà ní òun náà á lọ, pé bí òun bá fẹ́ rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, òun lè rìn ín. Irọ́ ni, àmọ́ wọ́n gbà á.

Inú Bàbá Fúnmi ò dùn sí i. Ó ní òun ò fẹ́ràn ohun tó bá ń tẹ̀ lé ìyàwó òun kiri. A fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì parí síbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun àmì róbótó sára àpáta káàkiri. Ìwọ á gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, wàá ki íàpíìsì bọ etí, wàá wọ inú àmì, wàá sì dúró. Ẹnjinníà á máa bá ọ sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀ wọn ní ìsàlẹ̀. Títí yóò fi sọ pé ó ti tó, kó o máa lọ sórí èyí tó kàn, o ò gbọdọ̀ mira. Èmi àti Àlhájà ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ara wa, torí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá pátákó yẹn lè dá wa mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Fóònù tiwa gan-an, inú àpótí kan nínú ọkọ̀ la ń kó o sí, kó má baà da iṣẹ́ rú. Àwọn fóònù inú báàgì yẹn ńkọ́? Síìmù tó wà nínú wọn ò mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn ju ti pátákó yẹn lọ. Mo bi Ẹnjinníà bóyá mo lè fi pe Fúnmi ọmọ mi ní Àkúrẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni yòówù kí n pè, òun Ẹnjinníà náà ni yóò gbé e.

Níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èèrà jẹ mí lẹ́sẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Mo fò, mo kúrò lórí àmì. Ẹnjinníà ò bú mi o. Ó kàn fi pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ yẹn ti bàjẹ́, pé àwọn á tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ fún ara mi pé kí èèrà jẹ mí tán, n kò ní mira mọ́.

Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ?

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, èmi gba apá òkè lọ, Àlhájà gba ìsàlẹ̀ lẹ́bàá oko kòkó kan. Àmì tèmi wà lórí àpáta kan tó tẹ́jú díẹ̀, tó wá dagẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ibi tó dagẹ̀rẹ̀ sí yẹn jìn, n kì í fẹ́ wò ó. Mo wọ inú àmì, mo kọjú sí Odode. Atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ojú ọ̀run lẹ́yìn mi, n kò rí i, torí wọ́n ní kí n má yíjú padà.

Ẹnjinníà sọ sí mi létí pé, “Ẹ dúró níbẹ̀, Màmá, ẹ má mira, ẹ jẹ́ ká...” Ohùn rẹ̀ sì dákẹ́.

Mo dúró.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Atẹ́gùn ti ń mi òpó yẹn, wọ́n sì sáré fẹ́ fà á wálẹ̀ kó má baà wó lu ọkọ̀. Ẹnjinníà kígbe sórí ẹ̀rọ pé kí àwa méjèèjì máa sọ̀ kalẹ̀. Àlhájà gbọ́. Tèmi ti já kó tó sọ ọ́. Ẹnjinníà ò mọ̀. Ó rò pé a jọ gbọ́ ni.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo ṣì dúró! Mo ń rò ó pé bóyá wọ́n ṣì ń wọn nǹkan. Bóyá dídákẹ́ yẹn gan-an wà lára iṣẹ́. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo rántí ọ̀rọ̀ èèrà, mo dá a padà sílẹ̀. Mo gbé tòsì, mo dá a padà. Ó wá di pé òjò ń na mí lójú débi pé n kò rí Odode mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi. Mo yíjú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibi tí ilẹ̀ ti ń mu omi, ẹ lè má mọ̀. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀. Omi náà kọ́kọ́ rọra ń ṣàn bí ìgbà tí wọ́n da omi ìfọṣọ nù. Nígbà tó yá, ó nípọn, ó funfun, ó ń hó. Ọ̀nà tí mo gbà gòkè ti di odò. Apá kejì náà ti di odò. Ibi tí wọ́n kun àmì sí ló ga díẹ̀, ni omi fi pín gba ọ̀tún àti òsì mi, ó tún pàdé níwájú mi, ó sì ń já lọ sínú ibi jíjìn yẹn.

Mo yọ fóònù nínú báàgì. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo yọ òmíràn, bákan náà ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀! Èmi tí wọ́n ní kí n wá dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, tí mo pọn fóònù sẹ́yìn bí ọmọ, n kò rí ẹyọ kan fi ké pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fa pátákó wálẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn tí àwọn fóònù yẹn mọ̀.

Mànàmáná kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ké pe Ọlọ́run bí a ṣe ń ké pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ ààwẹ̀, àmọ́ èmi pàápàá ò gbọ́ ohùn ara mi. Mo wá rò ó pé omi tó wà lápá ọ̀tún yẹn ò fẹ̀ púpọ̀, pé bí mo bá gbé ẹsẹ̀ gígùn kan, mo lè kọjá. Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Omi fà á bí ẹni fi ọwọ́ gbá mi lọ́rùn ẹsẹ̀ mú. Mo ṣubú lórí orúnkún, mo rí ibi kan tó là lára àpáta, mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo fi wọ́ ara mi padà. Bàtà mi kan bá omi lọ. Mo wò ó títí tí n kò fi rí i mọ́. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé èmi ni ì bá jẹ́ yẹn.

Nísàlẹ̀, Àlhájà dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ wọn, ó ti rin gbingbin. Ó béèrè mi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ ní ó ṣeé ṣe kí n ti gba ọ̀nà kejì lọ sílé. Àlhájà fúnra rẹ̀ ló padà sọ ohun tó fi dá a lóhùn fún mi. Ó ní òun wò ó lójú, òun ní, “Ìyá Fúnmi kì í kúrò níbi tí wọ́n bá ní kó dúró sí. Orí àmì yẹn ló wà.”

Ó ní Ẹnjinníà gbé ọwọ́ lérí. Wọ́n rán ẹnì kan pé kó sáré lọ pe Bàbá Fúnmi àti ẹni tó bá rí. Àlhájà ní kí wọ́n gbé pátákó sókè kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní atẹ́gùn ṣì ń fẹ́, mànàmáná ṣì ń kọ, ó lè pa ẹni tó bá dúró tì í. Àlhájà bá lọ dúró tì í. Ó ní ó yá, kí wọ́n wá fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ han òun, òun á gbé e fúnra òun. Ojú tì wọ́n. Wọ́n gbé e sókè díẹ̀, kò tó ìdajì, àwọn ọkùnrin so okùn mọ́ òpó náà, wọ́n dì í mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹnjinníà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rí i lórí kọ̀ǹpútà tí pátákó yẹn yíjú sí apá òkè, tó wá dúró síbì kan ṣoṣo. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni báàgì wà. Ohun tí kò mọ̀ ni bóyá ẹni tó gbé báàgì ṣì ń mí.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi. “Màmá. Màmá, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn.”

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Mo wà níbí. Mi ò mira.”

Wọ́n ní Ẹnjinníà bú sẹ́kún. Àlhájà ló gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá Fúnmi, ta ló ní kó o ṣì máa dúró síbẹ̀?”

“Ẹnjinníà ni.”

“Ẹnjinníà wà nínú mọ́tò, ìwọ wà nínú òjò. Bùbá tí mo gbé fún ẹ láti ọjọ́sí, o ò tíì kan apá ẹ̀. O ò lè bá ibẹ̀ lọ.”

Ẹ gbọ́, mo rẹ́rìn-ín! Lórí àpáta yẹn, pẹ̀lú bàtà kan. Mo wá sọ fún un pé mo fẹ́ tún gbìyànjú láti la omi kọjá. Ẹnjinníà sáré gba ẹ̀rọ padà, ó bẹ̀ mí pé kí n má dán an wò. Ó ní bí òjò bá ti dá, omi orí àpáta kì í pẹ́ fà, àti pé Bàbá Fúnmi àti àwọn ọlọ́kadà ti gba ẹ̀yìn òkè gòkè pẹ̀lú okùn. Bí mo bá ti yí ẹ̀yìn sí Odode, ohùn wọn á máa já, torí ara mi ń dí i. Ó ní kí n kọjú sí àwọn. Mo kọjú sí wọn. Àlhájà ò dákẹ́. Ó sọ ti oníbàárà tó fẹ́ fi ẹ̀tàn gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ti ewúrẹ́ tó jẹ yẹ̀rì. Bí kò bá rí nǹkan sọ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà, mà á máa ṣe àmín tèmi.

Nígbà tó yá, mànàmáná tún sún mọ́ tòsí. Ẹnjinníà sọ fún mi pé àwọn gbọ́dọ̀ fa pátákó wálẹ̀. Ó ní fóònù á kú, àmọ́ àwọn ò lọ o, kí n ṣáà máa retí ohùn láti òkè. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má pa á. Ó ní kí n má bínú. Ó pa á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdákẹ́ kejì yẹn burú ju tàkọ́kọ́ lọ. Ní àkọ́kọ́, n kò mọ̀ pé mo wà nínú ewu. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo mọ̀. Omi ti dé etí ọ̀dà funfun. Mo ń wò ó. Bó bá kan ọ̀dà náà, mà á ká ẹsẹ̀ jọ. Bó bá fà sẹ́yìn díẹ̀, mà á mí.

N kò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Òjò ti ń di wínníwínní nígbà tí mo gbọ́ orúkọ mi láti òkè. Bàbá Fúnmi ló ń bọ̀ pẹ̀lú okùn nídìí, àwọn ọlọ́kadà di ìyókù mú níbi tí wọ́n ti so ó mọ́ igi kan. Ọkùnrin tí kì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì! Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó so okùn mọ́ mi láyà, ó ní kí á máa lọ.

Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dúró o. Mo ń pàṣẹ fún un, kò dá mi lóhùn.

“Bàbá Fúnmi, mi ò lè gbé e.”

“Gbé e. Mo dì ẹ́ mú.”

“Kò gbé.”

Kò bá mi jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó gbé e kúrò nínú àmì yẹn, ó gbé e sílẹ̀. Ó tún gbé ìkejì. Bí a ṣe gòkè nìyẹn, ó ń bá mi gbé ẹsẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹsẹ̀ fi rántí bí wọ́n ṣe ń rìn.

Ẹnjinníà wá sílé wa lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọkọ mi àti èmi. Ó ní àwọn ti yí òfin padà: bí òjò bá ti ṣú, kí ẹni tó wà lókè máa bọ̀ láìretí àṣẹ, kí oníkálukú sì mú fóònù tirẹ̀ dání, kí iṣẹ́ bàjẹ́ bó bá fẹ́ bàjẹ́. Ó ní pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni àwọn mọ̀ pé pátákó yẹn lè rí èèyàn nínú òjò, láàárín àpáta, kódà nígbà tí kò ga sókè. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí inú mi dùn sí i. Ó bi mí bóyá mà á padà wá parí àwọn àmì tó kù. Mo ní rárá. Àlhájà padà lọ ní tirẹ̀, ó sì parí iṣẹ́ náà. Mo ti bá a kan apá bùbá rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ dúró síbì kan, ì báà jẹ́ ẹnjinníà, ì báà jẹ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́, ì báà jẹ́ ìyàwó ọ̀gá, ẹ bi í kó tó lọ pé: bí n kò bá gbọ́ ohùn yín mọ́, ìgbà wo ni mo lè kúrò? Bí kò bá ní èsì, ẹ má tíì wọ inú àmì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba èèyàn láti ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Ó bà mí náà. Àmọ́ iṣẹ́ àárọ̀ kan ṣeé tún ṣe.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti rí ewu tó ń bọ̀ rí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, tí ara rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n tó ṣì dúró, kìkì nítorí pé kò sẹ́ni tó tíì ní kó máa lọ? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. N kò ní fi yín rẹ́rìn-ín.